Òjìji Tí Ó Ní Orúkọ: Àwòrán Àwọn Ọmọ Adúláwọ̀ ní Òkè Òkun àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Nínú Wọn

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi; n kì í ṣe òpìtàn, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe onífọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí ìwé kíkà yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀, a sì máa dákẹ́. Dídákẹ́ tí ó ń dákẹ́ ni ó gbé mi dìde lónìí.

1. Ìfáárà: Àpótí Kan ní Oregun

Oregun ni mo ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọgbà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, abúlé àtijọ́ náà ṣì wà, àwọn ìdílé rẹ̀ kò sì tíì ṣí kúrò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa papò dà. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí kan tí ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nígbà ayé rẹ̀. Wọn kò bá owó níbẹ̀. Aṣọ òkè méjì ni wọ́n bá, ìwé ẹ̀rí ìsàmì kan, àti fọ́tò mọ́kàndínlógún. Wọ́n kó àwọn fọ́tò náà wá bá mi. Wọ́n ní, "Prof., ẹ dákun, ẹ bá wa ka èyí."

Mọ́kànlá nínú àwọn fọ́tò náà ni ó ti òkè òkun wá. Ọkùnrin kan wọ kóòtù nínípọn, ó dúró sínú yìnyín. Obìnrin kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ìtura. Ọkùnrin mẹ́rin wọ agbádá, wọ́n yí rédíò kan ká bí ẹni tí ó yí àlejò pàtàkì ká. Ọ̀kan ṣoṣo ni a kọ nǹkan sí lẹ́yìn: "Ẹ bá mi kí Màmá." Ta ni ó ń kí Màmá? Màmá wo? Kò sí ẹni tí ó lè sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdílé náà mọ̀ dájú pé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, pé ó bímọ sọ́hùn-ún, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n ní ìbátan tí wọn kò mọ̀. Ojú bàbá àwọn ìbátan náà wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè nàka sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní í sọ lónìí: ẹni tí orúkọ àwòrán bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni àwòrán náà. Òjìji tí kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá bá a pàdé ni yóò sọ ọ́ lórúkọ tí ó bá wù ú. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni n ó máa bi àwọn àwòrán tí a ó yẹ̀ wò. Ta ni ó ní kí a ya àwòrán yìí? Ta ni ó kọ orúkọ sí i? Ta ni ó sì tọ́jú rẹ̀?

2. Àwòrán, Ère àti Àrokò nínú Èrò Yorùbá

Kí ẹ̀rọ fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, ti wà lẹ́nu wa. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tú u sí à-wò-rántí, èyí tí í ṣe ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ó tún pe àkíyèsí sí awòran, ẹni tí ó ń wo ìran. Àwòrán nìyí, awòran nìyẹn. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé àwòrán kì í dá dúró nínú èdè wa. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò wò ó, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a ó tipasẹ̀ rẹ̀ rántí. Bí a bá wò ó tí a kò rántí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàìmọ bí a ti ń fi ohun àfojúrí rọ́pò ẹni tí kò sí mọ́. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n a máa gbẹ́ àkó, ère tí ó ga tó ènìyàn, wọ́n a fi aṣọ olóògbé wọ̀ ọ́, wọ́n a sì gbé e káàkiri ìlú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì kú, wọ́n a gbẹ́ ère fún un, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un ní oúnjẹ, a máa pè é. Nígbà tí fọ́tò dé, ó bá àṣà yìí nílẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe láàrin àwọn onífọ́tò ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1978, a rí i kà pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ níwájú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó ń bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ta ni èkejì. Bí ọ̀kan bá ti jẹ́ Táíwò, Kẹ́hìndé ni èkejì. Orúkọ ti wà nílẹ̀ de òjìji.

Èyí tí ó tún yẹ kí a rántí ni àrokò. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ẹfà ni ẹni náà yóò kà níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ọ̀rẹ́ òun fà sí òun. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ kò ní rí ju owó ẹyọ lọ. Fọ́tò tí àwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn odi, àrokò ni. Kóòtù nínípọn yẹn ń sọ pé òtútù kò pa mí. Rédíò yẹn ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọmọ tí ó wà lẹ́sẹ̀ yẹn ń sọ pé ìdílé wa ti pọ̀ sí i. Àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí mọ̀ ọ́n kà. Àwa tí a jogún rẹ̀ ni a kò mọ̀ ọ́n kà mọ́.

3. Òjìji Tí A Fi Ipá Gbà

Ní 1839 ni wọ́n kéde ní Paris pé Daguerre ti rí ọ̀nà láti mú kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ya àwòrán sórí àwo bàbà tí a fi fàdákà bò. Ní àkókò náà, òwò ẹrú kò tíì dópin lórí òkun Àtìláńtíìkì. Nítorí náà, ẹ̀rọ fọ́tò dé bá àwọn ọmọ wa nínú ìdè.

Ní oṣù kẹta 1850, ní ìlú Columbia ní South Carolina, onífọ́tò kan tí ń jẹ́ Joseph Zealy ya ẹrú méje, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin méjì. Louis Agassiz, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, ni ó béèrè fún àwọn àwòrán náà. Ó fẹ́ fi wọ́n ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn pé ìran dúdú àti ìran funfun kò ti orísun kan náà wá. Wọ́n bọ́ aṣọ lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n yà wọ́n níwájú, wọ́n yà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tí ó ń wo ẹran lọ́jà. Orúkọ kò ṣàìsí lára àwọn àwòrán náà o. Renty wà níbẹ̀, Delia ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ orúkọ sára ẹrù ni wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n sì so orúkọ olówó ẹrú mọ́ ọn. Orúkọ tí olówó ẹni kọ síni lára kì í ṣe orúkọ tí a fi ń ranti ẹni. Orúkọ tí a fi ń ka dúkìá ni.

Àwọn àwòrán náà wọ àjà ilé ọnà kan ní Harvard lọ, a kò sì gbúròó wọn títí di 1976. Ní 1976 tí wọ́n tún hàn síta, ilé ọnà náà ni ó ni wọ́n, a sì ń tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé kan ní Amẹ́ríkà, ìyá ti ń sọ fún ọmọ láti ìran dé ìran nípa bàbá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Papa Renty. Tamara Lanier, tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, pe Harvard lẹ́jọ́ ní 2019. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Massachusetts sọ pé kò ní ẹ̀tọ́ láti gba àwọn àwòrán náà gẹ́gẹ́ bí dúkìá, ṣùgbọ́n ó lè bá Harvard ṣẹjọ́ lórí ìbànújẹ́ ọkàn tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ní 2025, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, Harvard sì gbà láti yọ̀ǹda àwọn àwòrán náà kí wọ́n lè lọ sí ilé ọnà àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìlú Charleston, ní South Carolina níbi tí wọ́n ti ya wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ àtẹnudẹ́nu fi èyí sọ́kàn. Ohun tí ó gbé àwọn àwòrán náà kúrò ní ilé ọnà Harvard bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ìyá tí ó pe orúkọ fún ọmọ rẹ̀.

Ní Brazil, ọ̀rọ̀ náà kàn wá tààrà. Ní 1865, Augusto Stahl ya àwọn ọmọ Áfíríkà ní Rio de Janeiro fún Agassiz yìí kan náà. Ní ìlú náà àti ní àwọn ọdún náà, Christiano Junior, ọmọ Potogí, ń ya àwọn ẹrú tí ń kiri ọjà, tí ń gbé ẹrù, tí ń hun apẹ̀rẹ̀, ó sì ń tà wọ́n ní káàdì kékeré. Nínú ìwé ọdọọdún tí àwọn oníṣòwò ìlú náà máa ń polówó sí, ó kéde ní 1866 pé òun ní oríṣiríṣi àwòrán àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó dára fún ẹni tí ó bá ń padà sí Yúróòpù. Ẹrú kò ní dòmìnira ní Brazil títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888. Ẹni tí ó wà nínú káàdì kò lè lọ sí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ìrìn-àjò ẹlòmíràn.

Kò sí orúkọ lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá kọ nǹkan rárá, ẹ̀yà ni a kọ: Mina, Congo, Angola. Mina ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá ní Rio, Yorùbá sì wà nínú wọn púpọ̀. Ní Bahia, Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Ẹ wo ojú wọn dáadáa. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan nínú wọn. Àwọn tí ó ra káàdì náà ka ilà yẹn sí ọ̀ṣọ́ àjèjì. Ẹni tí ó bá mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé mọ̀ pé ìwé ni, ìwé tí a kọ sójú ọmọ kí ó má baà sọnù. Ọmọ ti sọnù, ìwé kò tíì parẹ́.

4. Àìná, Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù, kí a sì wádìí ohun tí ó fà á.

Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dahomey, kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Wọ́n mú ọmọdébìnrin kan tí kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Abomey láti bá Gezo sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú. Ọba náà fi ọmọ yìí ta á lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ tirẹ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi sọ ọmọ ènìyàn. Ọbabìnrin gbà á tọ́, ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Freetown, ó sì tún mú un padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862, Sarah ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton pẹ̀lú James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà lọ sí ilé fọ́tò Camille Silvy, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ń lọ bá. Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, Sarah wọ aṣọ fífẹ̀ àwọn ìyáàfin àkókò náà, Davies wọ kóòtù dúdú. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Àwòrán ìgbà náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Kò sí ẹni tí ó bọ́ wọn láṣọ, kò sì sí ẹni tí ó ń wọn orí wọn. Ọdún méjìlá péré ni ó wà láàrin àwòrán Delia àti àwòrán yìí. Obìnrin dúdú ni àwọn méjèèjì, ogun àti òwò ẹrú ni ó sì ti ìran àwọn méjèèjì kúrò nílé.

Kí ni ó pa orúkọ Sarah mọ́? Silvy ní ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó ń lẹ àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́, tí ó ń fún un ní nọ́ńbà, tí ó sì ń kọ orúkọ oníbàárà sí i. Ilé ọnà National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù gba àwọn ìwé náà ní 1904. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè wá Sarah níbẹ̀ kí ó sì rí i. Yíǹkì díẹ̀ ni ó ya Sarah sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin tí ń kiri ọjà nínú káàdì Christiano Junior. Yíǹkì náà kò wá lásán, nítorí pé oníbàárà ni Sarah, kì í ṣe ọjà.

Síbẹ̀, orúkọ wo ni ó pa mọ́? Nígbà tí ó ń ṣe ìgbéyàwó, ó fi orúkọ kan ṣíwájú àwọn tí Forbes fún un: Ina. Àwọn olùwádìí gbà pé Àìná ni. Ẹ̀yin náà mọ Àìná. Kì í ṣe orúkọ tí òbí jókòó yàn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, tí a ń pe ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ọmọ tí a kó lẹ́rú kí ó tó mọ̀wé rárá, tí a fi ọkọ̀ ojú omi sọ, tí ó dàgbà láàrin Òyìnbó, di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú láti Òkè-Ọ̀dàn títí dé Brighton. Ọ̀rọ̀ kékeré náà sì sọ fún wa bí wọ́n ṣe bí i, ohun tí gbogbo aṣọ olówó iyebíye inú àwòrán Silvy kò lè sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwòrán nìkan kò tó.

Ìtàn náà kò parí sí Lọ́ńdọ̀nù. Àìná bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì kú sí erékùṣù Madeira ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1880, níbi tí ó lọ wá ìwòsàn àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ọwọ́ òwò Davies ti wálẹ̀ ní àkókò náà, ó sì ti yí ojú sí oko. Ìjọn, ní ìhà Agége, ni ó dá oko kòkó sí ní nǹkan bí 1880, ọ̀kan nínú àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Níbẹ̀ ni ó gbé ọ̀wọ̀n òkúta kan dúró sí ní ìrántí aya rẹ̀. Davies pẹ̀lú kú ní 1906. Bí àwa tí a ń gbé ní Oregun, ní Ìkẹjà àti ní Agége bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àwòrán àwọn adúláwọ̀ ní òkè òkun jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé obìnrin inú àwòrán Silvy ní ọ̀wọ̀n ìrántí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí.

5. Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bọ́ Sí Ọwọ́ Wa

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn dúdú fi gba ẹ̀rọ náà sí ọwọ́ ara wọn. Augustus Washington, ọmọ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, ṣí ilé fọ́tò ní Hartford ní Amẹ́ríkà ní 1846, ó kó lọ sí Liberia ní 1853, ó sì ya àwọn aṣáájú orílẹ̀-èdè tuntun náà. Sojourner Truth, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú, ń ta káàdì fọ́tò ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì pé òjìji ni òun ń tà kí òun lè fi gbé ara gan-an ró. Ẹ fi èyí wé káàdì Christiano Junior. Káàdì kan náà ni, owó kan náà ni a fi ń rà á, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan, ẹlòmíràn ni ó ń ta òjìji ẹrú. Nínú èkejì, ẹni tí ó ni òjìji ni ó ń tà á, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ní 1900, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, W. E. B. Du Bois pàtẹ àwòrán 363 tí ó ṣàfihàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn dúdú ní Georgia. Thomas Askew, onífọ́tò dúdú ní Atlanta, wà lára àwọn tí ó yà wọ́n. Ìdáhùn sí irú Agassiz ni àwọn àwòrán náà: agbẹjọ́rò, olùkọ́, ọmọdé tí ó mọ́ nigín-nigín, ìdílé lójú ìloro ilé tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àwọn ìwé náà lónìí, ibi tí ó ń dunni ni pé púpọ̀ nínú àwọn ojú náà ni kò ní orúkọ. Irú ènìyàn ni Du Bois fẹ́ fi han ayé, kì í ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan. Iyì wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò lè rí wọn he. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni ó ń sọ orúkọ nù. Ọ̀rẹ́ pẹ̀lú lè sọ ọ́ nù.

James Van Der Zee, tí ó ṣí ilé fọ́tò ní Harlem ní nǹkan bí 1916, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya ìgbéyàwó, ó ya òkú, ó ya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Marcus Garvey nígbà tí wọ́n ń yan lójú pópó ní 1924. Ó a máa kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún sára àwòrán. Ayé gbàgbé rẹ̀ títí di 1969, nígbà tí ilé ọnà ńlá kan ní New York pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí a lè rí i ni pé ó ti tọ́jú àwọn gíláàsì àti fíìmù rẹ̀ sílé fún àádọ́ta ọdún.

Ní Èkó tiwa, George Da Costa fi iṣẹ́ àbójútó ilé-ìtàwé CMS sílẹ̀ ní 1895, ó sì di onífọ́tò. N. Walwin Holm ti Gold Coast wá sí Èkó ní àkókò yẹn kan náà. Àwọn ọmọ Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba padà wálé wà lára àwọn tí ó ń jókòó níwájú ẹ̀rọ nígbà náà. Àwọn tí bàbá wọn ti jẹ́ "Mina" nínú káàdì Rio wá di Ọ̀gbẹ́ni da Silva àti Ìyáàfin Pereira nínú férémù tiwọn, lára ògiri tiwọn. Ní 1920, nínú ìwé ńlá kan tí Allister Macmillan ṣe lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a rí àwòrán Da Costa púpọ̀, a sì rí orúkọ àwọn gbajúmọ̀ Èkó lábẹ́ àwòrán wọn. Àwọn tálákà kò sí nínú ìwé náà. Èyí pẹ̀lú yẹ kí a sọ: owó ni ó ń ra orúkọ nínú ìwé.

6. Ẹni Tí Ó Gbé Àrokò Kọjá Òkun

Pierre Verger, ọmọ Faransé tí a bí ní 1902, gúnlẹ̀ sí Bahia ní 1946. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bọ̀ láàrin Bahia àti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní 1953, ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó a máa mú àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin òrìṣà ní Bahia wá han àwọn olórìṣà ilẹ̀ Yorùbá, a sì máa mú tilẹ̀ Yorùbá lọ han àwọn ará Bahia. Àwọn tí òkun ti pín níyà fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wo ara wọn, wọ́n rí bí a ti ń wé gèlè, bí a ti ń so ìlẹ̀kẹ̀, bí a ti ń gbé ọwọ́ nígbà tí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn. Wọ́n mọ ara wọn. Bí a ṣe ń ka àrokò gan-an nìyẹn. Fíìmù tí Verger fi sílẹ̀ lé ní 60,000, Salvador ni wọ́n sì wà títí di òní. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wá lóore, a kò sì gbọdọ̀ sẹ́ oore. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ìbéèrè wa kẹta: ta ni ó tọ́jú rẹ̀? Òkè òkun ni ó tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jókòó lásán. Rótìmí Fáníkáyọ̀dé, tí a bí ní Èkó ní 1955, tí rògbòdìyàn òṣèlú mú ìdílé rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò dúdú tí a mọ̀ sí Autograph sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1988. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ yìí ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀. N kò lè sọ ohun tí mò ń sọ lónìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Iṣẹ́ Tí Ó Kù Sí Wa Lọ́wọ́

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ya fọ́tò púpọ̀, mo sì fi wọ́n sínú àpò ìwé kan. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin fa ọ̀kan yọ, ó bi mí pé, "Dádì, ta ni ẹni tí ó dúró tì yín yìí?" Ọkùnrin náà ni ó gbà mí sí yàrá rẹ̀ ní òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀. Mo rántí ọbẹ̀ tí ó ń sè. Mo rántí bí ó ṣe ń sún. Orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Èmi tí mo ń bínú sí Christiano Junior, mo ṣe ohun tí ó ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú pẹ̀lú ń yí padà lójú wa. Òpópó tí a mọ̀ sí Oregun Road ti di Kudirat Abiola Way, ní ìrántí akọni obìnrin tí wọ́n pa ní 1996. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ "Oregun Road" sẹ́yìn fọ́tò ní 1970, ọmọ òde òní ní láti bi àgbà kí ó tó mọ ibi tí ó jẹ́. Àwọn ilé fọ́tò àtijọ́ ń kógbá sílé, wọ́n sì ń da fíìmù nù. Fọ́tò inú fóònù wa kò níye, a kò sì kọ orúkọ sí ìkankan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wa lówó púpọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú fọ́tò ilé rẹ̀ lọ bá àgbà tí ó dàgbà jù nínú ìdílé, kí ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan mẹ́rin sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni náà, pẹ̀lú oríkì bí a bá mọ̀ ọ́n, ibi tí a ti yà á, ọdún, àti orúkọ ẹni tí ó sọ fún wa. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa sì ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí ti Silvy, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa mú ẹ̀dà fọ́tò ìdílé rẹ̀ wá sí, pẹ̀lú ohùn àgbà tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Bí a ti ń gba ìjálá àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa gba ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn àwòrán sílẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìdí àpótí Oregun kí n tó jókòó. A kó àwọn fọ́tò náà lọ bá ọ̀rẹ́ ìyá náà kan ní Agége, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó gbé wọn sún mọ́ ojú kejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé orí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ó yí rédíò ká, ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí ẹnì kẹta. Ó ní, "Àkànní nìyí. Ṣé ẹ kò rí i bí ó ṣe gbé èjìká kan sókè ni? Láti kékeré ni ó ti ń dúró bẹ́ẹ̀." Ó pe orúkọ ìsàmì rẹ̀, ó sì pe oríkì ilé wọn. Àwọn ọmọ olóògbé ń sunkún. Ìyá arúgbó náà dá méje mọ̀ nínú mọ́kàndínlógún. Mo fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti fi orúkọ bàbá wọn àgbà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbátan wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Méjìlá ṣì dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àgbà ṣì kù ní ilé yín. Ẹ lọ bi wọ́n.